Bí ẹ ṣe lè kọ́ ẹ̀rọ tó máa tètè rí ewu àìsàn ìjẹun lára ọ̀dọ́langba, tó sì máa lè sọ ìdí rẹ̀

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń kọ̀wé sí mi: "Ìdáhùn àwọn ọmọ sí ìwé ìbéèrè wà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù) díẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè fi machine learning (kíkọ́ ẹ̀rọ láti fi dátà mọ nǹkan) mọ ọmọ tí àìsàn ìjẹun fẹ́ mú, kí n sì lè sọ ìdí tí ẹ̀rọ fi tọ́ka sí i?"

Apá kejì ìbéèrè náà ló ká mi lára jù. Nọ́ńbà lásán kò ran ọmọ kankan lọ́wọ́. Ẹni tó máa jókòó ti ọmọ náà, ìyá rẹ̀ ni o, olùkọ́ ni o, dókítà ni o, gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì (ìṣirò tí ẹ̀rọ fi ń sọ àsọtẹ́lẹ̀) tí èèyàn lè kà láti ìbẹ̀rẹ̀, dípò èyí tí ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí.

Àwọn àìsàn tí mò ń sọ ni anorexia (fífi ebi pa ara ẹni nítorí ẹ̀rù sísanra), bulimia (jíjẹ àjẹjù, kí èèyàn wá máa wá ọ̀nà láti lé e jáde, bíi kó bì í), binge eating disorder (jíjẹ àjẹjù láìlé e jáde) àti ARFID (yíyẹra fún oúnjẹ láìsí ẹ̀rù sísanra), bí DSM-5, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń to àìsàn, tó jáde ní 2013, ṣe tò wọ́n. Ẹ má fi gbogbo wọn sínú àpò kan náà láìronú. Ọmọ tí kì í jẹun nítorí pé ẹ̀rù sísanra ń bà á àti ọmọ tí kì í jẹun nítorí pé bí oúnjẹ ṣe rí lẹ́nu ń rí i lára kò jọra, àmì tó ṣáájú àìsàn wọn kò sì jọra.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù

Ẹ fi àmì sí àpótí kọ̀ọ̀kan:

☐ Orúkọ ẹni tó máa rí ọmọ tí ẹ̀rọ bá tọ́ka sí, àti iye ọjọ́ tó máa fi rí i.
☐ Ìyọ̀ǹda òbí, àti ti ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ní òun kò ṣe gbọ́dọ̀ lè jáde láìsí ìbínú ẹnikẹ́ni.
☐ Àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣèwádìí lórí wọn.
☐ Ibi tí dátà máa wà, àti àwọn tó lè ṣí i.
☐ Ètò fún ọmọ tó bá kọ ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bani sínú ìwé ìbéèrè, bíi pé òun fẹ́ pa ara òun. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹnì kan ti ka ìdáhùn rẹ̀, kó sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí orúkọ kankan kọ sí àpótí àkọ́kọ́, ẹ dúró níbẹ̀. Kí èèyàn máa wá ọmọ tó wà nínú ewu kiri, kó wá rí i tán, kó má sì ní ibi tó máa mú un lọ, ìkà ni.

Ìkìlọ̀: Ọmọ tó ń dákú, tí àyà ń dùn, tí ọkàn rẹ̀ ń lù lọ́nà tí kò yẹ, tàbí tí kò jẹ tí kò mu, ilé ìwòsàn ló ń lọ. Ẹ má ṣe dúró de ohun tí mọ́dẹ́ẹ̀lì máa sọ.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ àti ìgbà tó máa ṣẹlẹ̀

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí èèyàn gba gbogbo ìdáhùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó fi ìlàjì rẹ̀ sọ ìlàjì tó kù, kó wá pe ìyẹn ní àsọtẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ lẹ rí yẹn. Àsọtẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìgbà méjì.

1. Ẹ mú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan, kí ẹ gba gbogbo àmì (ìdáhùn àti nǹkan mìíràn tí ẹ̀rọ máa fi sọ àsọtẹ́lẹ̀) lára àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà.
2. Ẹ yọ ọmọ tó ti ní àìsàn náà lọ́jọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú dátà. Ìtọ́jú ló nílò, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀.
3. Ẹ padà wá wo àwọn tó kù lẹ́yìn oṣù 12, tàbí lẹ́yìn ọdún méjì bí agbára bá gbé e.
4. Ẹ kọ 1 síwájú ẹni tí àìsàn náà ti mú, kí ẹ kọ 0 síwájú ẹni tí kò mú.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tó máa gba 1? Kí oníṣègùn tó mọ iṣẹ́ náà fọ̀rọ̀ wá ọmọ lẹ́nu wò ló dára jù. Tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ìwé ìbéèrè wà. SCOFF ní ìbéèrè márùn-ún, ẹni tó bá sì dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí méjì nínú rẹ̀ yẹ ní àyẹ̀wò síwájú sí i. EAT-26 ní ìbéèrè 26, 20 sì ni máàkì tí wọ́n fi ń pààlà. EDE-Q ń béèrè nípa ọjọ́ 28 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ẹ kíyè sí èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa: bí ẹ bá fún ọmọ ní EDE-Q lẹ́yìn ọdún kan, ọjọ́ 28 ìparí ọdún náà nìkan lẹ máa rí. Àìsàn tó wá ní oṣù kẹta tó sì lọ ní oṣù kẹjọ ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé obìnrin tó ti dàgbà ni wọ́n fi SCOFF dán wò nígbà tó jáde ní 1999. Kò sọ ọ́ di aláìwúlò fún ọ̀dọ́langba, àmọ́ máàkì inú ìwé ìbéèrè kì í ṣe àyẹ̀wò dókítà. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn yín.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kó àmì jọ

Àwọn tí ìwádìí ti ń tọ́ka sí tipẹ́: àìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn pẹ̀lú ara, ìgbàgbọ́ pé pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló rẹwà, fífi ebi pa ara ẹni kí ara lè fọn, ìbànújẹ́ àti àníyàn, kí wọ́n máa fi ara ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, ìwà ẹni tí kò gbà kí nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó, àìsàn ìjẹun nínú ẹbí, eré ìdárayá tí ìwọ̀n ara ti ṣe pàtàkì bíi ìjàkadì àti jìmínásíìkì, àti àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara gba ìṣọ́ra. Ọmọ lè fọn gan-an láàárín oṣù díẹ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ ṣì wà níbi tí ìwọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, kí àìsàn rẹ̀ sì le bíi ti ẹni tó ti rù kan egungun. Bí àyípadà ìwọ̀n bá wà lọ́wọ́ yín, ó sọ̀rọ̀ ju ìwọ̀n ọjọ́ kan lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé ìwé ìbéèrè tó ń béèrè nípa pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan máa fo ọmọkùnrin tó fẹ́ kí iṣan òun yọ, tó sì ń fìyà jẹ ara rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ẹ fi ìbéèrè tirẹ̀ kún un.

Àti àwọn àlàfo: ọmọ tó fo ìbéèrè nípa ara rẹ̀ lè ti sọ nǹkan fún yín nípa fífò tó fò ó. Kí ẹ tó fi ìdáhùn àwọn yòókù dí àlàfo náà, ẹ ṣẹ̀dá òpó (column) tuntun kan, "kò dáhùn", kí ẹ sì kọ 0 tàbí 1 sínú rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ dí gbogbo ibi tó ń jò

Bí AUC yín (òṣùwọ̀n bí ẹ̀rọ ṣe ń ya àwọn tó máa ṣàìsàn sọ́tọ̀: 0.5 ni oríire lásán, 1 ni àìṣìnà) bá jẹ́ 0.97 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má tíì yọ̀. Ìdáhùn ti jò sínú ìbéèrè níbì kan. Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nìyí:

- Ìbéèrè tó bí àbájáde wà lára àmì. Tí EAT-26 bá ni ẹ fi pín 0 àti 1, ìbéèrè EAT-26 ọjọ́ kan náà kò gbọ́dọ̀ wà lára àmì.
- Òpó tó wáyé lẹ́yìn àìsàn. Ìwé tí wọ́n fi rán ọmọ sí onímọ̀ nípa oúnjẹ, oògùn, ọjọ́ tí kò wá sílé ìwé nítorí ìtọ́jú. Ẹ wo déètì òpó kọ̀ọ̀kan.
- Dídí àlàfo kí ẹ tó pín dátà (ìpín kan láti fi kọ́ ẹ̀rọ, èkejì láti fi dán an wò). Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sínú Pipeline ti scikit-learn (àkójọ irinṣẹ́ Python fún machine learning), kó lè jẹ́ pé ìpín ìkọ́ nìkan ló ń kọ́ ẹ̀rọ.
- SMOTE kí ẹ tó pín dátà. SMOTE ń ṣẹ̀dá ọmọ àtọwọ́dá tó jọ ọmọ gidi. Tí ẹ bá lò ó ṣáájú pípín, ẹ̀dà ọmọ tó wà nínú ìdánwò máa wà nínú ìkọ́. Èmi kì í lò ó mọ́ rárá fún irú iṣẹ́ yìí, torí pé ó tún máa ń mú kí ẹ̀rọ sọ ewu tó ju bó ṣe rí lọ.
- Ọmọ ìyá kan náà, tàbí ọmọ ilé ìwé kan náà, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nínú ìwádìí ABCD ti Amẹ́ríkà, tó kó ọmọ tó lé ní 11,800 jọ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ní ibùdó 21, ìbejì àti ọmọ ìyá kan náà pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá pín irú dátà bẹ́ẹ̀ láìwo ẹbí ti tan ara rẹ̀. GroupKFold, irinṣẹ́ scikit-learn tó ń fi ọmọ ẹbí kan náà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ló ń yanjú ẹ̀.

Ìdánwò kékeré kan wà tí kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: ẹ da òpó 0 àti 1 rú, kí ẹ tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe látòkè délẹ̀. AUC gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 0.5. Bí kò bá já, ẹ tún wá ibi tó ti ń jò.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ka àwọn tó ṣàìsàn, ẹ má ka gbogbo ọmọ

Kì í ṣe iye ọmọ tó wà nínú dátà ló ń sọ bóyá ó tó, iye àwọn tí àbájáde wọn jẹ́ 1 ni. Òfin àtijọ́ sọ pé ó kéré tán, kí ẹni mẹ́wàá tó ṣàìsàn wà fún àmì kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ lò. Òfin náà kò pé, irinṣẹ́ pmsampsize sì ń ṣírò rẹ̀ dáadáa jù ú lọ, àmọ́ ó tó láti kìlọ̀ fún èèyàn: ọmọ 40 tó ṣàìsàn kò lè gbé àmì 60.

Tí kò bá tó ńkọ́? Ẹ má kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì. Ẹ lo SCOFF, kí ẹ kọ́ ẹni méjì bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, kí ẹ máa kó dátà jọ lọ́dọọdún. Mo ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn nímọ̀ràn yìí, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn

1. Logistic regression (ìṣirò tó ń fún àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó sì ń fi wọ́n sọ bí ewu ṣe tó) pẹ̀lú LASSO. LASSO máa sọ àmì tí kò wúlò di òdo, ìwọ̀nba tó kù ni ẹ máa kà. Bí nọ́ńbà iwájú àmì kan bá jẹ́ 0.7, ó túmọ̀ sí pé bí àmì náà ṣe ń fi ẹyọ kan ga sí i ni odds àìsàn (iye tó máa ṣàìsàn sí iye tí kò ní ṣàìsàn) ń di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Bébà kan ṣoṣo gba gbogbo mọ́dẹ́ẹ̀lì náà.
2. Explainable Boosting Machine. Ó wà nínú InterpretML, àkójọ irinṣẹ́ tó wá láti Microsoft. Ó ń ya gíráàfù fún àmì kọ̀ọ̀kan, ẹ sì máa rí ibi tí ewu ti ga lójijì àti ibi tó ti dúró sójú kan. Ọwọ́ mi máa ń dúró síbí lọ́pọ̀ ìgbà.
3. XGBoost (ọ̀pọ̀ igi ìpinnu tó ń tún àṣìṣe ara wọn ṣe, tó sì ṣòro fún èèyàn láti kà) pẹ̀lú SHAP (irinṣẹ́ tó ń pín ohun tí ẹ̀rọ sọ fún àmì kọ̀ọ̀kan). Ìgbà tí àwọn méjì àkọ́kọ́ bá kùnà ní tòótọ́ nìkan ni kí ẹ dé ibí. Tí èyí bá fi 0.01 péré ju LASSO lọ nínú AUC, ẹ padà sọ́dọ̀ LASSO.

Ẹ kọ àbájáde àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí ẹ má fi èyí tó kùnà pa mọ́.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe máa rí lójú ẹni tó máa lò ó

Ká ní ọmọ 1,000 ni, tí 30 nínú wọn máa ṣàìsàn láàárín ọdún kan. Ẹ̀rọ tó bá sọ fún gbogbo wọn pé "kò séwu" ti gba 970 nínú 1,000, kò sì rí ẹnì kankan. Ẹ gbàgbé accuracy (ìdá ìdáhùn tó tọ̀nà nínú gbogbo ìdáhùn).

Ká wá mú ẹ̀rọ tó dára: ó ń rí ìdá 80 nínú 100 àwọn tó máa ṣàìsàn, ó sì ń dá ìdá 90 nínú 100 àwọn yòókù sílẹ̀.

- Nínú 30, ó rí 24. Ó fo 6.
- Nínú 970, ó tọ́ka sí 97 lásán.
- Àpapọ̀ ọmọ tó tọ́ka sí: 121. Ọmọ kan péré nínú márùn-ún wọn ló máa ṣàìsàn lóòótọ́.

Ẹ gbé nọ́ńbà yìí lọ síwájú olùdámọ̀ràn tó máa rí àwọn ọmọ náà, kí ẹ bi í bóyá ó lè rí 121. Tí kò bá lè ṣe é, ẹ lè gbé ojú ààlà (iye ewu tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí ọmọ) sókè. Ká ní ẹ gbé e títí tó fi ń rí ìdajì àwọn tó máa ṣàìsàn, tó sì ń dá 97 nínú 100 àwọn yòókù sílẹ̀: ọmọ 44 ló máa tọ́ka sí, 15 nínú wọn jẹ́ òótọ́, àmọ́ ọmọ 15 mìíràn ti kọjá láìsí ẹni tó rí wọn. Èmi ò lè yan èyí fún yín. Àwọn tó máa ṣiṣẹ́ náà àti àwọn òbí ló yẹ kó bá yín yàn án, kí ẹ sì tó rí àbájáde ìdánwò ni.

Ohun méjì mìíràn, kíákíá. Ẹ kó gbogbo ọmọ tí ẹ̀rọ sọ pé ewu wọn jẹ́ 10 nínú 100 jọ, kí ẹ wò ó bóyá ìdá 10 wọn ló ṣàìsàn lóòótọ́. Kí ẹ sì tún ìṣirò ṣe fún ọmọkùnrin lọ́tọ̀, ọmọbìnrin lọ́tọ̀, àti ilé ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀lì tó ń rí ọmọbìnrin 8 nínú 10 tó sì ń rí ọmọkùnrin 2 nínú 10 ti kùnà, bó ti wù kí àròpọ̀ rẹ̀ dára tó.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dán àlàyé náà wò bí ẹ ṣe dán àsọtẹ́lẹ̀ wò

Ibí ni àwọn èèyàn ti ń sáré kọjá. Wọ́n á ya gíráàfù SHAP tó rẹwà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìròyìn, ó tán. Àlàyé náà lè ṣìnà bí àsọtẹ́lẹ̀ ṣe ń ṣìnà.

1. Ẹ tún un kọ́ nígbà 100 pẹ̀lú bootstrap (kí ẹ máa fa ọmọ yọ láti inú dátà yín nígbà kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ kan lè wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ). Àmì tó bá wà lára márùn-ún àkọ́kọ́ ní ìgbà 90 dúró ṣinṣin. Èyí tó bá wọlé ní ìgbà 30 péré, ẹ má sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.
2. Ẹ wá àwọn àmì tó jọ ń rìn. Ìbànújẹ́ àti àníyàn sábà máa ń wá pọ̀. SHAP lè pín agbára láàárín wọn kí àwọn méjèèjì wá dà bí ohun kékeré. LASSO lè mú ọ̀kan kó sì sọ èkejì nù. Ẹ kó wọn sábẹ́ orúkọ kan kí ẹ tó ka gíráàfù.
3. Ẹ mọ ẹyọ tí ẹ ń kà. Nọ́ńbà tí SHAP máa ń fún XGBoost, log-odds (logarithm odds) ni, àyàfi tí ẹ bá yí i padà. 0.2 kì í ṣe ìdá 20 nínú 100.
4. Ẹ fi han ẹni tó ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí gíráàfù bá sọ pé oorun tó dára ń fa ewu, ó ṣeé ṣe kí òpó náà ti yí padà sódì. Ojú oníṣègùn tètè ń rí irú ẹ̀ ju ojú wa lọ.
5. Ẹ má sọ pé àmì ló fa àìsàn. Ohun tí mọ́dẹ́ẹ̀lì gbára lé ni SHAP ń sọ. Ohun tó fa àìsàn ọ̀tọ̀ ni.

Ìkìlọ̀ tó wúwo: Irinṣẹ́ kan wà tó ń sọ ohun tó yẹ kó yàtọ̀ kí ewu ọmọ tó lè dínkù, wọ́n ń pè é ní counterfactual. Bí ìwọ̀n ara bá wà lára àmì, ó lè kọ ọ́ jáde pé "bí ìwọ̀n rẹ bá kéré ju báyìí lọ, ewu rẹ máa lọ sílẹ̀." Ẹ fojú inú wo ọmọ tó ń ka ìyẹn. Ẹ ti ilẹ̀kùn àmì náà pa nínú kóòdù, kó má ṣeé yí padà, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà ìwọ̀n ara tàbí ti oúnjẹ kankan kò dé ojú ọmọ.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu

Olùdámọ̀ràn ló ń gba bébà, kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe kíláàsì. Bébà náà kò gbọ́dọ̀ ju ìlà mélòó kan lọ. Bí tèmi ṣe máa ń rí nìyí:

> Ó yẹ kí ẹ bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú ọmọ márùn-ún tí a bá tọ́ka sí báyìí, ọ̀kan ló sábà máa ń já sí òótọ́.
> Ohun tó mú kí a tọ́ka sí i: ó ní wọ́n ń fi ara òun ṣe yẹ̀yẹ́; inú rẹ̀ kì í dùn lọ́pọ̀ ọjọ́.
> Ohun tó ń dáàbò bò ó: ó ní ẹnì kan wà nílé tí òun lè fọ̀rọ̀ lọ̀.
> Ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀: bí nǹkan ṣe ń lọ láàárín òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ tàbí ìwọ̀n ara.

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ pé "ẹ̀rọ ní o máa ṣàìsàn." Ẹni tó bá fẹ́ pè é lè sọ pé, "Mo ka ohun tí o kọ, ó sì wù mí kí n gbọ́ sí i lẹ́nu rẹ." Òótọ́ sì ni.

## Ìgbésẹ̀ 9: Nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́

Ohun kan máa ṣẹlẹ̀ tó máa dà yín láàmú ní ọdún kejì. Ẹ máa tọ́ka sí ọmọ, wọ́n máa ràn án lọ́wọ́, kò ní ṣàìsàn. Nínú dátà yín, ó máa dà bíi pé ẹ̀rọ ṣì í. Bí ẹ bá fi dátà yẹn tún ẹ̀rọ kọ́ láìronú, ó máa kọ́ pé àmì tó gba ọmọ náà là kò já mọ́ nǹkan kan. Nítorí náà:

☐ Ẹ kọ ọmọ tó gba ìrànwọ́ sílẹ̀, déètì tó gbà á, àti irú ìrànwọ́ tó jẹ́.
☐ Ẹ má pò wọ́n mọ́ àwọn tí kò gba ìrànwọ́ nígbà tí ẹ bá ń tún ẹ̀rọ kọ́.
☐ Lọ́dọọdún, ẹ tún ìṣirò Ìgbésẹ̀ 6 ṣe, pẹ̀lú ti ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.
☐ Ẹ pe ọmọ mẹ́wàá tí ẹ̀rọ fò tí wọ́n wá ṣàìsàn, tí wọ́n bá gbà láti bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ìwé ìbéèrè yín kò bi wọ́n.
☐ Nígbà tí ọmọ bá kúrò nínú ètò náà, ẹ pa orúkọ àti ìdáhùn rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ṣèlérí fún òun àti òbí rẹ̀.